Ẹ̀mí Kẹsàn-án Puss àti Ẹ̀mí Àwọn Alágbàṣe Jack

"Kàtúùnù ṣáà ni." Gbólóhùn yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí fi ń dá ara wa láre tí a bá ti gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ kí a lè ráyè gbọ́ bùkátà tàbí kí a kàn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Bí ẹranko bá ti ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń tàn yòò, a ti gbà pé ti ọmọdé ni. Àwa tí wọ́n fi àlọ́ tọ́ dàgbà kọ́ ló yẹ kó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ẹranko ló kún inú àlọ́ wa, síbẹ̀ olè, ọ̀kánjúwà, ẹ̀tàn àti ikú ni Ìjàpá ń bá yí, àgbà tó ń pàlọ́ sì mọ èyí tó yẹ kó fò dá nígbà tí ọmọ kékeré bá wà láàárín àwọn tó jókòó.

Fíìmù tí mo fẹ́ gbé lé òṣùwọ̀n ni Puss in Boots: The Last Wish, tí DreamWorks gbé jáde ní òpin ọdún 2022. Joel Crawford ló darí rẹ̀. Ológbò tó ń jẹ́ Puss, tó wọ bàtà, tó dé fìlà oníyẹ̀ẹ́, tó sì fi idà kọ́ ìbàdí ni ìtàn náà dá lé. Ẹni tó bá wo Shrek 2 lọ́dún 2004 ti mọ̀ ọ́n. Fíìmù náà wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún àmì ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún 2023 ní ìsọ̀rí kàtúùnù, ṣùgbọ́n Pinocchio ti Guillermo del Toro ló gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dùn ún wò, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tí àwọn òbí ń béèrè ni bóyá ọmọ kékeré lè wò ó láìdágìrì lóru. Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo sì máa dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ mí lógún ju ìyẹn lọ ni irú ènìyàn tí fíìmù náà fẹ́ kí ọmọ yẹn dà.

Nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, inú ilé gómìnà ìlú Del Mar ni Puss wà, gómìnà ò sì sí nílé. Ológbò yìí ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ìlú, ó ń pín dúkìá onídùúkìá fún wọn, ó ń jó, ó ń kọrin, orin tó sì ń kọ, ara rẹ̀ ló fi ń kì: òun ni akọni tí ẹ̀rù kì í bà. Ọmọ tó ń wò ó á ti pàtẹ́wọ́. Ìwà ọ̀làwọ́ jẹ́ ohun tí a ń yin ọmọlúàbí fún, àmọ́ ohun tó jẹ́ tẹni la fi ń lawọ́. Ẹni tó fi ẹran ẹlẹ́ran ṣe àlejò kò tíì ṣe oore, bó ti wù kí ẹlẹ́ran burú tó. (Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní, pẹ̀lú bí àwọn gómìnà ṣe rí lójú àwa náà, Puss kò jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ti oríkì yẹn ńkọ́? Ilé wa ni oríkì ti pọ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń kini: ìyá ẹni láàárọ̀, onílù lóde ìnáwó. Ẹni tó bá jókòó tó ń fẹnu ara rẹ̀ ki ara rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, aládùúgbò á máa yọjú wò ó ni.

Fíìmù náà mọ̀ pé ìwà yẹn kò dáa, kò sì jẹ́ kó pẹ́. Ariwo àsè ọ̀hún ló jí òmìrán kan tó ti ń sùn. Puss bá a jà, ó ṣẹ́gun, ó dojú kọ àwọn èrò kí wọ́n lè yìn ín, ni agogo ńlá kan bá já lù ú, ó kú. Ìgbà tó jí padà lọ́dọ̀ dókítà ló tó gbọ́ pé nínú ẹ̀mí mẹ́sàn-án tí ológbò ní, mẹ́jọ ti lọ. Wọ́n fi bó ṣe ná wọn hàn wá: ọ̀kan lẹ́sẹ̀ àwọn akọ màlúù, ọ̀kan lẹ́nu àgbá tí wọ́n fi ta á sókè, ọ̀kan lábẹ́ irin tó wúwo jù ú lọ. Àṣehàn ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó ku ẹyọ kan.

Ibẹ̀ ni ìkookò ti dé.

Puss jókòó sí ilé ọtí, ó ń mu wàrà, nígbà tí súfèé kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìkookò gíga kan ni, ó da aṣọ dúdú borí, ojú rẹ̀ pọ́n, dòjé méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ológbò rò pé ọdẹ tó ń wá owó orí òun ni. Wọ́n kojú ara wọn, idà fò kúrò lọ́wọ́ Puss, dòjé ha á níwájú orí, gbogbo nǹkan wá dákẹ́, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo sì ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irun ara rẹ̀ dìde gbogbo. Akọni tó kọrin pé ẹ̀rù kì í ba òun, ihò ṣáláńgá ló gbà sá lọ. Wagner Moura, ọmọ Bùràsíìlì tí wọ́n bí sí Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, níbi tí àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé òrìṣà dé, ló fún ìkookò náà ní ohùn. Ohùn ọ̀hún kò le rárá, kò sì pariwo. Ìdí nìyẹn tó fi ń kóni láyà jẹ. Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ láti ẹnu òun fúnra rẹ̀ pé òun kì í ṣe ọdẹ kankan, pé òun ni Ikú.

Ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 5 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí súfèé yẹn kọ́kọ́ dún. Kò sunkún. Ó kàn gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀ sórí àga, ó fa ìrọ̀rí mọ́ra, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ibẹ̀ fi kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ló wà nínú yàrá, ta ni ì bá mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀?

Àwọn òbí tí ara wọn kò gba ìkookò yìí sọ pé ẹ̀rù rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọmọ. Mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbàgbé ibi tí a ti wá. Ọdún 1938 ni ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde, àwọn ọmọ ilé ìwé ló sì ń kà á káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ta ló ka Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún lóru tí kò wẹ̀yìn? A kò torí ẹ̀ sọ ìwé nù. Ẹ̀rù wà lára ohun tí a fi ń tọ́ ọmọ, bí ó bá ti ní ìdí, tí ẹnìkan sì wà nítòsí tí ọmọ lè dì mọ́. Ìkookò inú fíìmù yìí sì ní ìdí tirẹ̀. Inú ń bí i pé ẹ̀dá kan gba ẹ̀mí mẹ́sàn-án, kò sì ka ọ̀kankan sí. Ó fẹ́ mú èyí tó kù kí ọjọ́ tó pé. Òbí Yorùbá wo ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní ṣe "a ò ní kú ikú àìtọ́jọ́"? Ẹ jẹ́ kí ọmọ gbọ́ àdúrà yẹn lẹ́nu yín níbẹ̀, kó sì gbọ́ ìdí tí ẹ fi ṣe é.

Puss gbọ́ pé ìràwọ̀ kan wà nínú igbó tó ń fúnni ní ohun tí ọkàn bá fẹ́, ó sì lọ wá a kó lè tọrọ ẹ̀mí mìíràn. Nínú igbó yẹn, nígbà tó tún rò pé òun rí ìkookò náà, ó sá títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbà á mọ́. Ó fẹ̀yìn ti igi, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, èémí rẹ̀ ń já. Ajá kékeré kan tó ń jẹ́ Perrito ló bá a níbẹ̀. Perrito kò bi í ní ìbéèrè, kò sọ fún un pé akọni kì í bẹ̀rù. Ó gbé orí lé e lára, ó dákẹ́ sí i, títí èémí ológbò fi balẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni Puss tó lanu sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun àti Kitty Softpaws ní Santa Coloma, òun kò dé ilé ìjọsìn, òun sá. Kitty, tí wọ́n jọ wọ igbó náà, gbọ́ ọ. Ó ní òun náà kò lọ lọ́jọ́ yẹn, nítorí òun mọ̀ pé ẹni kan wà tí Puss fẹ́ràn ju òun lọ, Puss fúnra rẹ̀ sì ni ẹni náà.

A máa ń sọ fún àwọn ọmọkùnrin wa pé ọkùnrin kì í sunkún, pé ọkùnrin kì í fi ẹ̀rù hàn. Mo ti rí ibi tí ẹ̀kọ́ yẹn gbé àwọn kan dé, kì í ṣe ibi tó dára. Ìwà akin wà nínú ọmọlúàbí, àmọ́ òtítọ́ ló gbé e dúró. Puss tó ń kọrin nílé gómìnà kò tíì ṣe akin rí; Puss tó jẹ́wọ́ pé òun já obìnrin kulẹ̀, tó tọrọ àforíjì, tó wá padà dúró níwájú Ikú ní òpin fíìmù láìbéèrè ẹ̀mí mìíràn, òun ni akin. Ó sọ fún ìkookò náà gbangba pé òun mọ̀ pé òun kò lè borí rẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n òun kò ní yé jà fún ẹyọ kan tó kù yìí. Ìkookò bínú, ó bú èébú ní èdè Spéènì, ó kó dòjé rẹ̀, ó lọ. Kò kú o. Wọ́n jọ gbà pé àwọn á tún pàdé. Nínú gbogbo kàtúùnù tí mo mọ̀, mi ò tíì rí èyí tó bá ọmọdé sọ òtítọ́ báyìí nípa ikú.

Mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú Perrito, nítorí òun ni gbogbo ọmọ máa ń fẹ́ràn. Àwọn tó ni ín kò fẹ́ ẹ. Wọ́n sọ ọ́ nù, ó padà. Níkẹyìn wọ́n tì í sínú ìbọ̀sẹ̀ pẹ̀lú òkúta, wọ́n jù ú sódò. Ó jáde nínú rẹ̀, ó sì sọ ìbọ̀sẹ̀ náà di ẹ̀wù, òun ló wọ̀ káàkiri fíìmù. Ẹ̀rín ló fi ń ròyìn gbogbo èyí, ó rò pé eré bojúbojú ni wọ́n ń bá òun ṣe. Puss àti Kitty wo ara wọn, wọn kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ àbúrò mi ló sọ̀rọ̀: "Ṣé ajá yẹn ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ pa òun ni?" Mo ní bóyá ó mọ̀. Ó ní bó bá mọ̀, kí ló ń rín? Mo ní ká wo ìyókù.

Ẹni tó bá ń wá ìwà pẹ̀lẹ́ nínú fíìmù yìí, lọ́dọ̀ Perrito ni yóò ti rí i. Kì í di kùnrùngbùn, kì í ṣe ìlara, gbogbo ènìyàn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n sùúrù kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ènìyàn má mọ ìyàtọ̀ láàárín ibi àti ire. Ọmọlúàbí tó dárí ji ọ̀dàlẹ̀ mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Ọmọ kékeré kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀, ó lè gbà pé ọmọ dáadáa ni ẹni tí wọ́n ṣe níkà tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ibẹ̀ ni kí àgbà ti dá fíìmù dúró, kó sọ ọ́ kedere: bí ẹnikẹ́ni bá ṣe ìkà sí ọ, bó jẹ́ ará ilé wa gan-an ni, má fi rẹ́rìn-ín, wá sọ fún mi. Ajá kan náà yìí sì ń bú èébú níbì kan, wọ́n kàn fi ariwo bo ẹnu rẹ̀ ni. Àgbà á rẹ́rìn-ín. Ọmọ á béèrè ohun tí ajá sọ. Ẹ múra èsì sílẹ̀.

Ti Goldilocks àti ìdílé béárì tó gbà á tọ́ kò gùn. Olè ni gbogbo wọn, àwọn náà ń wá ìràwọ̀ yẹn. Ọmọbìnrin náà fi pamọ́ fún wọn pé ìdílé ènìyàn lòun fẹ́ tọrọ. Nígbà tí àṣírí tú, ó dun ìyá béárì, síbẹ̀ ó ní bó bá jẹ́ pé ìyẹn ni yóò mú inú rẹ̀ dùn, àwọn á bá a wá a. Ọmọbìnrin yẹn ló wá ju ohun tó ń wá nù láti fa béárì kékeré yọ nínú ewu. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ pe gbogbo ọmọ jọ kí ẹ wo ibẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Jack ni mo ti ní ẹjọ́.

Big Jack Horner jẹ́ olówó tó ń ṣe páì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn ìyà tó jẹ òun ní kékeré: kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ òun àfi òbí tó fẹ́ràn òun, ilé ńlá, àti ilé iṣẹ́ tó ń mówó wọlé tí òun jogún. Ohun tó ń wá lọ́dọ̀ ìràwọ̀ ni pé kí gbogbo idán ayé di tirẹ̀, kí ẹlòmíràn má sì ní ìkankan. Aláìmoore pátápátá. Kòkòrò kékeré kan tẹ̀ lé e tó ń wá ibi tí oore fara pamọ́ sí nínú rẹ̀; ó wá a tì. Títí dé ibí yìí, mo gba ti fíìmù: ẹni tí gbogbo nǹkan tẹ̀ lọ́wọ́, tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó yẹ kí ọmọ mọ irú rẹ̀ kó tó pàdé rẹ̀ lóde.

Àmọ́ Jack kò dá nìkan rìn. Ó ní àwọn alágbàṣe, àwọn tó ń bá a se páì, ó kó wọn lọ́wọ́ lọ sínú igbó yẹn. Nígbà tí Perrito mú máàpù tó ń júwe ọ̀nà ìràwọ̀ náà dání, àwọn òdòdó ńlá ojú ọ̀nà kò bá a jà. Ó tẹ̀ sí wọn, ó gbóòórùn wọn, ọ̀nà là. Ti Jack, agídí làwọn ènìyàn rẹ̀ fi wọ ibẹ̀, àwọn òdòdó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn mì. Àwọn mìíràn nínú wọn kú sọ́wọ́ ohun ìjà idán ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀. Jack kò yíjú. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ṣe. Ikú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín ni, ọmọ tó gbé ẹsẹ̀ sókè nítorí súfèé ìkookò sì ń rẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo wa.

Ẹ gbé méjèèjì yẹ̀ wò. Nínú fíìmù tí gbogbo ìtàn rẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí kan ṣoṣo jẹ́ ohun iyebíye, tí wọ́n fi odidi ibi kan hàn wá láìyára nítorí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ní iwájú orí akọni, ẹ̀mí alágbàṣe kò tó nǹkan kan. A kò mọ ilé wọn, a kò mọ ọmọ wọn, kò sẹ́ni tó ṣe "ó mà ṣe o". Wọ́n á ní ẹni burúkú ni Jack, pé fíìmù náà dá a lẹ́jọ́ nígbẹ̀yìn, ìràwọ̀ gbé e mì. Lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹ̀rín ti gba ààbọ̀ fíìmù. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹnìkan láàárín àwọn ẹni rere náà tó bojú wẹ̀yìn wo àwọn tó kú.

Èyí wúwo lójú mi ju ìkookò lọ. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà bá ẹni tó rẹlẹ̀ sí i lò ni ibi tí a ti ń mọ ọmọlúàbí. Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ọlọ́lá tó tún ń gbá ọmọ ọ̀dọ̀ létí, ìbẹ̀rù ló ń ṣe é, kì í ṣe ìtẹríba. Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ bí a ṣe ń pe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé, wọ́n ń gbọ́ ohun tí a ń sọ sí mẹ́káníìkì, sí ẹni tó ń gbálẹ̀ títì, sí alábàárù lọ́jà. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà nílé, tí ẹ̀rín lórí ikú alágbàṣe sì tún pàdé rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń kọ́ ọmọ, kò sì sí súfèé tó ń kìlọ̀ fún un pé ewu ń bọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, PG ni wọ́n kọ sára fíìmù yìí, pé kí òbí fojú sí i, nítorí ìjà, àwàdà tí kò bójú mu, ọ̀rọ̀ ẹnu àti àwọn ibì kan tó ń bani lẹ́rù. Lọ́dọ̀ wa náà, òfin ọdún 1993 dá àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sílẹ̀, wọ́n sì ní àmì tiwọn fún ọjọ́ orí. Kò sí èyí tó máa kọ ọ́ pé ẹ ṣọ́ra fún ibi tí wọ́n ti ń fi ikú òṣìṣẹ́ ṣẹ̀fẹ̀. Tiyín nìyẹn.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ sí i. Ọmọ àbúrò mi pàápàá ì bá ti dúró. Láti ọdún 6 sí 8, kó wò ó bí àgbà bá jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìmú fóònù dání. Ọmọ tó ti kọjá ọdún 8, ẹ jẹ́ kó wò ó dáadáa, pàápàá ọmọkùnrin tó ń pariwo pé ẹ̀rù kì í ba òun. Bí ó bá sì ti parí, ẹ má bi àwọn ọmọ léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù, gbogbo wọn á ní Perrito ni. Ẹ bi wọ́n pé mélòó nínú àwọn òṣìṣẹ́ Jack ló padà délé, kí ẹ sì fún wọn láyè kí wọ́n rò ó kí wọ́n tó dáhùn.